Alájọ Tó Tún Ń Ta Ni Lọ́rẹ

Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó ìrànwọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ìlú tó ń mú sìn nígbà Ogun Hítílà, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé olówó kan jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, àánú ṣe é, ó bu díẹ̀ ránṣẹ́. Òfin owó náà wà lóòótọ́. Oṣù keje ọdún 1940 ni wọ́n fọwọ́ sí i: £5 mílíọ̀nù lọ́dún fún ọdún mẹ́wàá, àti £500,000 lọ́dún fún ìwádìí. Àmọ́ rògbòdìyàn ló bí i. Ní 1937 àwọn òṣìṣẹ́ Trinidad, erékùṣù kan lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Karibíánì, dìde, ní 1938 Jàmáíkà tó wà ní agbègbè kan náà gbaná. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìgbìmọ̀ kan tí Lord Moyne ṣe olórí rẹ̀ lọ wo ohun tó fà á. Ohun tí wọ́n rí burú débi pé àbá nìkan ni ìjọba gbé jáde ní 1940. Ó ti ìròyìn gan-an mọ́ àpótí títí di 1945, kí Jámánì má baà rí i fi ṣe ìpolongo. Amẹ́ríkà, tí Lọ́ńdọ̀nù ń tọrọ ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, náà sì ń wo bó ṣe ń ṣe sí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí owó wa ń gbà lọ sọ́hùn-ún ló wù mí jù láti sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ara rẹ̀ di oníbàárà kan ṣoṣo fún kòkó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Iye tó bá dá ni àgbẹ̀ Oǹdó ń gbà. Kòkó wọkọ̀ lọ Amẹ́ríkà, ó di dọ́là, ṣùgbọ́n dọ́là náà kò yà sí Èkó. Inú àpò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló wọ̀, wọ́n sì kọ pọ́n-ùn sórúkọ wa nínú ìwé. Owó tí à ń ná nílé kò yọ sílẹ̀ nínú ètò yìí. Láti 1912 ni wọ́n ti ṣe é pé pọ́n-ùn kan tó bá wà lọ́wọ́ wa, owó tó dúró fún un gbọ́dọ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ìyá ọlọ́jà kan bá di ṣílè kan mọ́ ìdí aṣọ ní Dùgbẹ̀, ó ti yá Òyìnbó lówó láìmọ̀.

Ẹ fi wé àjọ. Ojoojúmọ́ ni alájọ ń gbowó, tó ń fa igi sí káàdì. O wá ní o fẹ́ fi owó rẹ ra páànù. Ó ní kò sí páànù, ogun wà. O ní ìwọ yóò rà á lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà. Ó ní dọ́là nìyẹn ń fẹ́, ìbọn ni dọ́là sì wà fún. Bó ti ń lọ, ó fa ìgò epo kan yọ láti inú àpò ara rẹ̀, ó fi ta ọ́ lọ́rẹ, ó sì ké sí gbogbo àdúgbò kí wọ́n wá wo oore. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ń san èlé díẹ̀, alájọ tiwa kì í san. Ṣùgbọ́n alájọ wo ló tún ń dá iye tí o máa ta ọjà rẹ?

Ìgò epo yẹn, ìyẹn owó ìrànwọ́ òfin 1940, náà ní okùn nídìí. Owó ọdún kan tí ẹ kò bá ná tán, ó ti padà sí ìṣúra wọn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀, kò sí irin, àwọn ẹnjiníà ti lọ sójú ogun. Báwo la ṣe fẹ́ ná an? Òfin 1945 tún un ṣe: £120 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá, èyí tí ọdún kan kò bá ná, á ṣẹ́ kù fún òmíràn.

Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ nínú gbogbo èyí, ìwé wọn péye. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ogun parí, gbèsè tó wà lọ́rùn Lọ́ńdọ̀nù nínú àpò náà lé ní £3 bílíọ̀nù, Íńdíà àti Íjíbítì ló ni èyí tó pọ̀. Lọ́dún 1946 ètò ọlọ́dún mẹ́wàá ti Nàìjíríà jáde: bíi £55 mílíọ̀nù, £23 mílíọ̀nù níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn. Owó orí wa àti owó tí a yá la fi dí ìyókù.