Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà awọ ara àti ọjà iṣẹ́ wọn ní Abẹ́òkúta

Dókítà awọ ara ni oníṣègùn òyìnbó tó kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àìsàn awọ, irun àti èékánná. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ náà dá dúró: ọdún 1 lẹ́nu iṣẹ́ gbogboogbò, ọdún 3 lórí awọ. Ní Nàìjíríà, abẹ́ internal medicine, ìyẹn ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn àgbàlagbà, ló wà.

Ọmọ Abẹ́òkúta tó bá fẹ́ ṣe é yóò lo ọdún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún 1 bíi houseman (dókítà tuntun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá), ọdún 1 bí àgùnbánirọ̀. Yóò wá ṣe ìdánwò Primary, ìyẹn ìdánwò àbáwọlé, ti National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Physicians. Bó bá yege tó sì rí àyè, ó di rẹ́sídéǹtì, dókítà tó ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: gbogbo àìsàn àgbàlagbà ni yóò máa tọ́jú títí tó fi ṣe ìdánwò Part I, kó tó kọjú sí awọ. Ìdánwò Part II àti ìwádìí tó kọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di kọnsọ́tántì, ọ̀gá dókítà nínú ẹ̀ka náà.

Àyè ni wàhálà. Òfin Medical Residency Training Act ti 2017 la ọ̀nà owó sílẹ̀ fún rẹ́sídéǹtì, ṣùgbọ́n owó kì í kọ́ni níṣẹ́. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fọwọ́ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n á wo iye kọnsọ́tántì, iye aláìsàn àti yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Níbi tí kọnsọ́tántì kan ṣoṣo bá ti wà, ọjọ́ tó bá japa ni ẹ̀kọ́ náà dúró. Àfi kí wọ́n gba olùkọ́ kún olùkọ́ kí àyè tó lè pọ̀.

Ohun tí wọ́n lè fi kọ́ṣẹ́ kò wọ́n nílùú yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Láńtórò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895, ni ìtọ́jú àrùn ẹ̀tẹ̀ ti wà lára iṣẹ́ ibẹ̀. Ní Ìtokú, kẹ́míkà kọ́sítíìkì sódà àti haidirọ́ọ̀sì tí àwọn aláró ń pò mọ́ aró máa ń jó ọwọ́ wọn, ọwọ́ náà á sì là. Rẹ́sídéǹtì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá kẹ́míkà ló bó awọ náà tàbí ara ló ń kọ nǹkan kan; ìbọ̀wọ́ rọ́bà pàápàá lè fa yíyún. Láti mọ èyí, wọ́n á lẹ àwọn ohun tí wọ́n fura sí mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn fún wákàtí 48, wọ́n á ṣí i wò, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Òógùn máa ń ṣí àlẹ̀mọ́ náà nígbà ooru, àyẹ̀wò á sì bàjẹ́.

Àyẹ̀wò làpálàpá yá ju èyí lọ. Wọ́n á fi abẹ ha etí ibi tí làpálàpá mú, nítorí etí ibẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n á kán omi KOH (pọtásíọ̀mù haidirọ́sáìdì) sí ohun tí wọ́n ha, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú 10, wọ́n á wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìpara àdàlù tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì mọ́ ló ń da iṣẹ́ yìí rú: yíyún á rọlẹ̀, etí á parẹ́, làpálàpá á sì máa tàn lọ.

Aláìsàn pọ̀, ipò olówó oṣù ló ṣọ̀wọ́n. Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè àti ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Ṣágámù ni ọ̀nà ìjọba tó wà nítòsí. Èkó ni owó irorẹ́, àbàwọ́n ojú àti lésà wà, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 sì mú kó rọrùn láti máa lọ máa bọ̀. Ẹni tó bá dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ lè fi máíkírósíkóòpù, dẹ́mátósíkóòpù (awò tí wọ́n fi ń wo awọ fínnífínní) àti ẹ̀rọ iná tí wọ́n fi ń jó èèhù bẹ̀rẹ̀. Náítírójìn olómi, tí wọ́n fi ń mú èèhù dì kó lè kú, máa ń fẹ́ lọ bí wọn kò bá tilẹ̀ lò ó, nítorí náà kò yẹ kó rà á àfi bí ibi tó ti lè máa rà á déédéé bá wà nítòsí.