"Ó dáa" lọ̀gá mi máa ń wí, àmọ́ n kò tẹ̀ síwájú

Ìbéèrè: Bí mo bá ti parí iṣẹ́, mo máa ń bi ọ̀gá mi pé, "Ṣé ó dáa, sà?" Wọ́n á ní, "Ó dáa, o kú iṣẹ́." Àmọ́ nígbà tí ìgbéga dé, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Kí ló pa mọ́ mi lójú?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá yín ò tàn yín jẹ. Ìbéèrè yín ni ò fún wọn láyè. "Ṣé ó dáa?" kò yàtọ̀ sí "Ṣé dáadáa lẹ jí?" Ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó Road n'Íbàdàn, tó ń bi èèyàn pé "Ṣé ọ̀nà nìyí?" láì dárúkọ ibi tó ń lọ, yóò ṣìnà ni.

Ìbéèrè: Báwo wá ni kí n ṣe béèrè?

Ìdáhùn: Ẹ nawọ́ sí ibì kan pàtó. Odidi ọdún kan ni mo fi kọ ìjábọ̀ oṣooṣù fún ọ̀gá mi obìnrin, "Ó dáa" náà ni wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ máa ń fò tí ẹ bá ń kà á?" Wọ́n ṣí ojú ìwé kẹta, wọ́n fi báírò pupa yí òǹkà kan ká. "Àròpọ̀ owó ni mo máa ń wá. Ìsàlẹ̀ pátápátá lò ń gbé e sí. Gbé e wá sókè." Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọdún kan gbáko sì ni!

Ìbéèrè: Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn mí ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó lè dùn yín gan-an. Lọ́dún 1996, àwọn olùwádìí méjì, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lórí sísọ fún èèyàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, wọ́n rí i pé níbi tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ńṣe ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá iṣẹ́ èèyàn padà sẹ́yìn. Àlàyé wọn ni pé ọkàn èèyàn á kúrò lára iṣẹ́, á wá bọ́ sórí irú ẹni tí òun jẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní, "Ìwọ, o kì í fara balẹ̀," ẹ má ṣàwíjàre. Ẹ rọra bi wọ́n pé, "Ibo lẹ ti rí i nínú iṣẹ́ yìí, sà?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì gbé e padà lọ fi hàn wọ́n. Oṣù kejì tí mo gbé àròpọ̀ owó wá sókè, ọ̀gá mi fa àga sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ṣí ojú ìwé karùn-ún fúnra wọn.