Ìdáwà, oorun àti ìfẹ́ ọ̀nà jíjìn nínú iṣẹ́ ọnà

Ìdáwà, oorun àti ìfẹ́ ọ̀nà jíjìn jẹ́ kókó mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ọ̀rúndún 20 àti 21 sábà máa ń mú pọ̀ mọ́ra. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnìkan wà ńbẹ̀, ẹnìkejì kò sí. Ẹni tó ń sùn pàápàá, ara rẹ̀ ló kù sórí ibùsùn, òun fúnra rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú tó ń da omi fi ṣọ̀wọ́n nínú irú iṣẹ́ yìí. Àyè tó ṣófo ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ jù ni Nighthawks tí Edward Hopper yà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942, tó wà ní Art Institute of Chicago. Iná ń tàn yòò nínú ilé oúnjẹ lóru, ìta dá páropáro. Ọwọ́ ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara, ṣùgbọ́n wọn kò wojú ara wọn. Kò sí ilẹ̀kùn kankan tó jáde sí títì.

Oorun ṣòro yà, nítorí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fíìmù Sleep tí Andy Warhol yà lọ́dún 1963 lé ní wákàtí 5, ọkùnrin kan tó ń sùn ló wà nínú rẹ̀. Ìdì fíìmù 16 mm tí kámẹ́rà rẹ̀ ń gbà kì í pé ìṣẹ́jú 3, nítorí náà ègé kéékèèké ló so pọ̀, ó sì tún àwọn kan lò léraléra. Àwòrán 24 ni kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 16 ni wọ́n fi ń gbé e jáde. Èémí tó ń gbé àyà sókè wá falẹ̀. Sophie Calle ní tirẹ̀ pe àwọn ènìyàn ní Paris lọ́dún 1979, tó fi mọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí, kí wọ́n máa gba ibùsùn rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ mẹ́jọ. Wákàtí wákàtí ló ń ya fọ́tò wọn. Ibùsùn náà kò ráyè tutù, síbẹ̀ kò sí ẹni tó dúró.

Lórí ìfẹ́, Perfect Lovers ti Felix Gonzalez-Torres ló rọrùn jù láti tò, òun ló sì rọrùn jù láti bà jẹ́. Aago ara ògiri oníbátìrì méjì ni, wọn kò yàtọ̀ síra rárá. Wọ́n á gbé wọn kọ́ kí etí wọn kan ara, wọ́n á sì tò wọ́n kí ọwọ́ ìṣẹ́jú àti ti àáyá bára mu. Bó bá yá, wọ́n á yapa. Kírísítàlì, òkúta kékeré tó ń ka àkókò nínú irú aago bẹ́ẹ̀, máa ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò sí méjì tó gbọ̀n bákan náà gẹ́lẹ́, ooru àti òtútù sì ń yí i padà. Bí bátìrì ọ̀kan bá kú, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á tún méjèèjì tò. Òṣìṣẹ́ tó bá ń tún wọn tò láràárọ̀, tó rò pé òun ń ṣàtúnṣe, ti ba iṣẹ́ jẹ́. Aago tó ń gba àkókò láti orí rédíò náà kò yẹ, torí kò ní yapa láé. Ọdún 1991 ni olólùfẹ́ oníṣẹ́ ọnà náà, Ross Laycock, kú. Lọ́dún 1992, fọ́tò tí Gonzalez-Torres yà, ti ibùsùn tó ṣófo, tí orí méjì ti tẹ ìrọ̀rí rẹ̀ wọnú, wà lára pátákó ìpolówó 24 káàkiri New York.

Telematic Dreaming tí Paul Sermon ṣe lọ́dún 1992 lo ibùsùn méjì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: yàrá kan mọ́lẹ̀, èkejì ṣókùnkùn. Kámẹ́rà òkè ibùsùn àkọ́kọ́ ń fi àwòrán ẹni tó dùbúlẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó ń tan án sórí ibùsùn kejì. Kámẹ́rà mìíràn ń ya ẹni gidi àti àwòrán náà pọ̀, ó ń dá wọn padà sí ojú tẹlifíṣàn tó yí ibùsùn àkọ́kọ́ ká. Oníjó kan, Susan Kozel, ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Amsterdam. Ó kọ ọ́ pé ẹnìkan fi ìgúnpá gún àwòrán òun níkùn, òun sì ká kò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun kò kan òun. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó ṣọ́ iná tó ń yọ́ wọ yàrá dúdú, torí àwòrán á ṣì. Bí kámẹ́rà òkè bá rí ojú tẹlifíṣàn, àwòrán á máa wọnú àwòrán láìlópin. Bí àwòrán bá sì fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ lọ́nà, ọwọ́ á ti kúrò kí ìfọwọ́kàn tó dé.

Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kọkànlá 1980, Kit Galloway àti Sherrie Rabinowitz fi sátẹ́láìtì so fèrèsé kan ní New York pọ̀ mọ́ òmíràn ní Los Angeles fún alẹ́ mẹ́ta, láìkéde rẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó ń kọjá rí ara wọn bí wọ́n ṣe ga tó gan-an, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́ kẹta, àwọn ẹbí tí wọn kò rí ara wọn fún ọdún pípẹ́ ti ṣàdéhùn láti pàdé níbẹ̀. Kò sí àwòrán ara ẹni ní igun kan bíi ti ìpè fídíò òde òní. Ẹni tó wà lódì kejì nìkan lèèyàn ń rí.