Ohun tó ń sọ tíréènì àárín ìlú di àlòkù

Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, kò sí ibi tí ojú irin gbà kọjá. Èyí tó sún mọ́ tòsí jù ni ti Itakpe lápá Òkènè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987 láti máa fi kó òkúta irin lọ sí Ajaokuta àti Aladja, tó sì di 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Síbẹ̀, ilé tí kò ní ọmọ ní Àbújá tàbí Èkó ṣọ̀wọ́n ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú, àwọn ọmọ náà sì ti ń wọ tíréènì àárín ìlú lọ síbi iṣẹ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní iye ọdún tó ń lò, ohun tó sì ń gé e kúrú kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò.

Iná ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ á na apá irin kan sókè, apá náà á máa fara kan wáyà tí wọ́n ta sórí ọ̀nà, tí iná inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín fólítì 600 sí 750. Blue Line ti Èkó kò lo wáyà òkè. Irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni iná gbà wọlé. Dísù ni ti Àbújá ń mu.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Irin ló ń yí lórí irin. Wọn kì í ṣe ẹsẹ̀ náà dọ́gba: ó tóbi lápá inú, ó kéré díẹ̀ lápá ìta. Tí ọkọ̀ bá dé kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, tí ọ̀pá kan náà so pọ̀, á sún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan á máa yí lórí ibi tó tóbi, èkejì lórí ibi tó kéré, ọkọ̀ á sì yà láìsí sítíárìn. Ọgbọ́n yìí dára púpọ̀, àmọ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ojú irin ń jẹ ẹ́ kúrò lára ẹsẹ̀. Tí awakọ̀ bá tún tẹ bíréèkì lójijì nígbà tí òjò rọ̀, ẹsẹ̀ á wọ́ dípò kó yí, ojú kan lára rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ìgbà náà ni èrò á máa gbọ́ gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ lábẹ́ ìjókòó.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n á wa ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ kan tó wà nínú kòtò ní ibùdó àtúnṣe, tó máa fá ẹsẹ̀ náà títí yóò fi padà sí bó ṣe yẹ. Fífá yìí ní ìwọ̀n. Tí irin bá ti tín-ín-rín jù, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ tuntun fún un.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n máa ń retí kí ọkọ̀ náà lò. Tó bá lo ìdajì rẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀: ìjókòó, wáyà, ẹ̀rọ amúlétutù, ilẹ̀kùn. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ilẹ̀kùn. Gbogbo ibùdókọ̀ ló ti ń ṣí, tó ń tì, láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹyọ kan ò bá sì tì dáadáa, ọkọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ní ìpata ló ń pa tíréènì. Ìpata ń bà á jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wẹ́ẹ́dà lè gé ibi tó jẹrà kó lẹ òmíràn mọ́ ọn. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dẹ́kun ṣíṣe ni wẹ́ẹ́dà kò lè rí nǹkan ṣe sí. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó ń kó iṣu jáde ní Bùnú kò ní irú ìṣòro yẹn, torí kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí mẹkáníìkì kò lè fọwọ́ tú. Bẹ́ẹ̀ ni tíréènì 1928 ti ìlú Milan ní Ítálì ṣe ń gbé èrò títí dòní.

Ti Boeing, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú l'Ámẹ́ríkà, ló yàtọ̀. Ẹ̀ka tó ń ṣe hẹlikópítà nílé iṣẹ́ náà ló ṣe tíréènì fún Boston àti San Francisco ní àwọn ọdún 1970. Ti Boston kọ́kọ́ gbé èrò ní Oṣù Kejìlá 1976. Ilẹ̀kùn rẹ̀ díjú, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ níbi tó ti ń fa eruku mu, ó sì máa ń yọ lójú irin. Boston kọ díẹ̀ nínú wọn, San Francisco sì rà nínú èyí tí Boston kọ̀. Nígbà tó fi máa di 2001, San Francisco ti lé tirẹ̀ lọ. Boston ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007. Àwọn àgbà tó yẹ kí ti Boeing gbapò wọn ló wá sìnkú rẹ̀: PCC, tíréènì àwọn ọdún 1940, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú méjèèjì.

Fífẹ̀yìntì kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé èyí tó burú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fún àwọn yòókù. Nígbà míì, ìlú mìíràn á rà á. Ní 1981, San Diego bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tíréènì tí Siemens-Duewag ṣe ní Jámánì. Díẹ̀ nínú wọn ló ń gbé èrò ní Mendoza, ní Ajẹntínà, láti 2012. Èkó náà ra Talgo fún Red Line, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Ámẹ́ríkà, tí òṣèlú ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdúró ló fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ ṣe, kì í ṣe eré. Ìdúró náà kò sì ṣàìní ìpalára: rọ́bà á gbẹ, bátìrì á kú, olè á gé wáyà. Ti Àbújá, tí wọ́n ṣí ní 2018, dúró láti 2020 títí di Oṣù Karùn-ún 2024, àtúnṣe tó sì gbà kí ó tó padà sójú irin kì í ṣe kékeré.

Èyí tí kò rí olùrà á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra àjákù irin. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n á fa ọ́ìlì àti gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù jáde, wọ́n á gbé bátìrì kúrò. Bàbà ni wọ́n ń lé jù, torí owó rẹ̀ ju ti irin lọ. Inú wáyà àti inú ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ló pọ̀ sí. Alumíníọ̀mù ló tẹ̀ lé e. Irin tó kù ni wọ́n ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí wọ́n ń yọ́, tó sì lè di ọ̀pá irin ìkọ́lé.