Orúnkún tún ti bẹ̀rẹ̀ o, ṣé ká dá ẹ́sásáìsì dúró ni?

Tí àtíráítìsì orúnkún bá tún gbé ìṣe ẹ̀ dé, oríṣi èèyàn méjì ni mo máa ń rí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ físíò l'Ákùúrẹ́ níbí. Àwọn kan á lọ dùbúlẹ̀, wọ́n á ní ó dìgbà tó bá lọ, àwọn kan, pàápàá àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìntì, á gbé parasẹtamọ́ mì, wọ́n á tẹ̀ lé àwọn tó ń ṣe jọ́gìn lọ sí Alágbàká bíi pé nǹkan ò ṣe wọ́n. Kò séyìí tó dáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó dùbúlẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí iṣan iwájú itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù ara, tẹ́ ò bá lò ó kì í pẹ́ rù, tó bá wá rù tán, orúnkún nìkan ló kù tó ń gbé e, ìrora á tún le sí i.

Ẹ dín ẹ́sásáìsì kù ni, ẹ má pa á tì. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 30 lẹ máa ń rìn, ẹ sọ ọ́ di 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni o. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè? Ẹ gbàgbé ẹ̀ ná jàre, kódà kí ọmọ yín ti Èkó dé kó lóun fẹ́ ya fọ́tò. Ọ̀pá náà dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ orúnkún ọ̀tún ló ń dùn yín, ọwọ́ òsì lẹ máa fi mú un, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì.

Lọ́jọ́ tí ìrìn ò bá ṣeé ṣe, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí iṣan itan le, ẹ ka 5, ẹ tú u sílẹ̀, ìgbà 10.

Kó dùn yín díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí ìrora tó fi kún un ò bá tíì rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2, tàbí tó wú ju tàná lọ nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ ti ṣe é jù nìyẹn, ẹ dín in kù sí i. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ máa mu òògùn ìrora torí kẹ́ ẹ lè rìn jìnnà nìyẹn, ẹ ò ní mọ̀gbà tó pọ̀ jù.

Tára bá fúyẹ́, ìdajì tàtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀ díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n tí orúnkún bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà wá dà á pọ̀, tàbí tẹ́ ò lè tẹ ẹsẹ̀ ọ̀hún mọ́lẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ́sásáìsì, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má jókòó máa fi àbóníkì ra á.