Iye owó méjì fún onílé àti àjèjì ní Tháílàndì

Iye owó méjì ni kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ àjèjì ju èyí tí ọmọ onílẹ̀ ń san lọ, lórí ọjà tàbí iṣẹ́ kan náà. Ní Tháílàndì, nǹkan méjì tí kò jọra ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ sábẹ́ orúkọ yìí. Ọ̀kan ni èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, tí wọ́n kọ síta gbangba. Èkejì ni èyí tó ń ti ẹnu ọlọ́jà jáde níbi tí kò sí iye owó lára ọjà. Èkejì ló ń ni àjèjì tó ń gbé ìlú náà lára jù, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ra ẹja àti ẹ̀fọ́.

Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí

Ní Ààfin Ńlá ní Bangkok, 500 baht, ìyẹn owó Tháílàndì, ni àjèjì ń san kó tó wọlé. Ọmọ Tháílàndì kì í san kọ́bọ̀. Ní igbó ọba Khao Yai, 400 baht ni fún àgbàlagbà tó jẹ́ àjèjì, 40 fún ọmọ ìlú. Ní January 2025, owó òòjọ́ tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wà láàárín 337 àti 400 baht, bẹ́ẹ̀ ni 400 baht yìí nìkan tó owó iṣẹ́ òòjọ́ òṣìṣẹ́ lódindi. Ohun tí àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ètò náà máa ń sọ nìyẹn, pẹ̀lú pé owó orí ọmọ ìlú ni wọ́n fi ń tọ́jú igbó. Àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sì ń san owó orí, máa ń dáhùn pé owó òun náà wà níbẹ̀. Àròyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ẹnu ọ̀nà kan máa ń gba iye ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Tháílàndì tàbí káàdì ìdánimọ̀ aláwọ̀ osùn tí wọ́n ń fún àjèjì hàn. Àwọn mìíràn kì í gbà, ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí tíkẹ́ẹ̀tì ló wà.

Lójú pátákó, nọ́ńbà Thai ni wọ́n sábà fi ń kọ iye ti ọmọ ìlú: ๔๐ ni 40. ๐ ๑ ๒ ๓ ๔ ๕ ๖ ๗ ๘ ๙ ni òdo títí dé mẹ́sàn-án.

Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba náà ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ ìlú àti àjèjì, oríṣi físà sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Nínú ṣọ́ọ̀bù àti ọjà

Ní 7-Eleven, Big C tàbí Lotus's, ẹ̀rọ ló ń ka iye owó, kò sì mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Ṣọ́ọ̀bù góòlù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò góòlù ló ń kéde iye òòjọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ń kọ ọ́ sára ògiri. Góòlù ibẹ̀ jẹ́ 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 15.16 sì ni baht kan fún ohun ọ̀ṣọ́ (baht ibí yìí jẹ́ òṣùwọ̀n góòlù, kì í ṣe owó). Owó iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń fi lé e, tí wọ́n ń pè ní kamnet, ni wọ́n ti lè já èèyàn jẹ. Òun ni kí oníbàárà ná.

Ọjà gbangba ni ọ̀rọ̀ ti le, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọlọ́jà ń rẹ́ni jẹ. Khit ni wọ́n fi ń wọn ọ̀pọ̀ nǹkan, gíráàmù 100 sì ni khit kan. Ẹni tó rí 80 lórí páálí tí wọ́n kì bọ inú yìnyín láàárín edé, tó rò pé kílò kan ni, á ní kí wọ́n wọn kílò kan àtààbọ̀ fún òun, wọ́n á sì pe 1,200 baht. Kò sí ẹni tó yí owó padà fún un. 80 náà ni ará ìlú ń san lórí khit. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ni: “Khit la thao rai?”, ìyẹn èló ni khit kan, tàbí “Lo la thao rai?”, èló ni kílò.

Níbi tí kò sí páálí rárá, kí ó dúró díẹ̀ kí ó gbọ́ iye tí ẹni iwájú rẹ̀ san, kí ó sì béèrè kí wọ́n tó rọ ọjà sínú ọ̀rá. “Lot noi dai mai?” ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ kí owó wálẹ̀. Pípe ọlọ́jà ní pa tàbí phi, bí a ṣe ń pe tiwa ní ìyá tàbí àǹtí, ń fi hàn pé èèyàn kì í ṣe arìnrìn-àjò. Tí ìwọ̀n bá ń kọni lóminú, ọ̀pọ̀ ọjà ní òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò tí èèyàn lè gbé ọjà rẹ̀ lé.

Songthaew, ìyẹn ọkọ̀ akérò kékeré tó ní bẹ́ǹṣì méjì lẹ́yìn, ní ìṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá béèrè iye owó kó tó wọlé ni awakọ̀ máa ń kà sí ẹni tó fẹ́ háyà ọkọ̀ lódindi, ohun tí wọ́n ń pè ní mao, owó á sì fò sókè. Ará ìlú á kàn wọlé, á tẹ aago nígbà tó bá dé ibi tó ń lọ, á sì san iye tí gbogbo èèyàn ń san.

Òfin

Òfin iye owó ọjà àti iṣẹ́ ti 1999, tí ìwé ibẹ̀ ń pè ní ọdún 2542 lórí kàlẹ́ńdà ẹ̀sìn Búdà, ló fún ìjọba lágbára láti pàṣẹ pé kí olùtajà kọ iye owó síta. Kò burú kí ó kọ nọ́ńbà Thai, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń lò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìtanràn ẹni tí kò bá kọ ọ́ lè dé 10,000 baht. Ìwé oúnjẹ méjì tí iye inú wọn yàtọ̀ náà ṣeé fẹjọ́ rẹ̀ sùn, tí èèyàn bá ya àwòrán méjèèjì. 1569 ni nọ́ńbà ẹ̀ka ìṣòwò abẹ́lé. 1155 ni ti ọlọ́pàá arìnrìn-àjò. Ẹjọ́ tó sábà ń kú ni èyí tí kò ní rìsíìtì tàbí àwòrán, àti èyí tí oníbàárà ti fi ẹnu ara rẹ̀ ná ọjà, tó sì gbà kó tó sanwó.