Ta ló sọ "Ẹ kú" di "áº¸ kÃº"?

Ìbéèrè: Mo kọ ímeèlì sí ẹ̀gbọ́n mi ní London, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, "áº¸ kÃº" ni mo rí níbẹ̀, ìyókù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé sáfà, ẹ̀rọ tó ń gbé ímeèlì kiri, ni kò gbọ́ Yorùbá?

Ìdáhùn: Sáfà kì í ka lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń rù. Ẹni tí wọ́n fi àrokò rán kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó máa tú u ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní UTF-8, ìlànà tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà gbogbo èdè di nọ́ńbà, báìtì mẹ́ta (ìyẹn nọ́ńbà kéékèèké mẹ́ta, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ́) ni "Ẹ": E1, BA, B8. Lókè ímeèlì, ó yẹ kí ìlà kan wà tó sọ pé charset=UTF-8 (charset ni àkójọ lẹ́tà tí a lò), kí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n yín lè mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìlà yẹn bá sọnù, tàbí tó bá purọ́, ẹ̀rọ lè fi ojú Windows-1252, àkójọ lẹ́tà àtijọ́ kan, wò ó, níbi tí báìtì kọ̀ọ̀kan ti ń dá dúró: E1 ni á, BA ni º, B8 ni ¸. Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: A jẹ́ pé sáfà kò lẹ́bi rárá?

Ìdáhùn: Ó máa ń lẹ́bi nígbà mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe fún ímeèlì lọ́dún 1982, ASCII, àkójọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ló mọ̀: àmì 128, bíìtì (0 tàbí 1) méje péré, bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Àwọn sáfà àtijọ́ kan a sì máa gé bíìtì kẹjọ báìtì kọ̀ọ̀kan dànù; "ẹ" á wá di "a:9". (Ẹni tó bá lè ka Yorùbá nínú ìyẹn, mo júbà.) Lọ́dún 1992 ni MIME, ìlànà tuntun fún ímeèlì, dé, tó ní kí wọ́n fi àmì ASCII kọ báìtì wọ̀nyẹn, =E1=BA=B8, kí sáfà yòówù lè rù ú kọjá.

Lónìí, sáfà méjì a kọ́kọ́ kí ara wọn. Bí èyí tó fẹ́ gbà á bá dárúkọ 8BITMIME, ìyẹn ni pé ó lè gba báìtì oníbíìtì mẹ́jọ, báìtì á lọ bó ṣe wà. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, èyí tó ń fi í ránṣẹ́ á yí i sí =E1 yẹn, tàbí kó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi "ẹ" sínú àdírẹ́sì mi?

Ìdáhùn: Láti 2012, SMTPUTF8, àfikún sí òfin ímeèlì, fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n bí sáfà kan lójú ọ̀nà kò bá mọ̀ ọ́n, ímeèlì náà kò ní dé. Ní tèmi, "e" lásán ni màá lò.

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ kan kọ orúkọ mi, Ṣọlá, ní "??lá". Ṣé àrùn kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá, èyí le jù. Ẹ̀rọ kan ló yí orúkọ yín sí àkójọ lẹ́tà bíi ISO-8859-1, tí wọ́n ṣe fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Àwọn Pọ́túgí àtàwọn ará Sípéènì ń lo "á", ló ṣe yè é. Ṣ àti ọ kò sí níbẹ̀, ló bá fi àmì ìbéèrè dípò wọn. Báìtì tiwọn ti lọ nìyẹn, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni máa tú.

Ti ẹ̀gbọ́n yín ṣì pé. Kó wá ibi tí wọ́n ti ń yan charset nínú ètò ímeèlì rẹ̀, kó mú UTF-8. Ilé iṣẹ́ yẹn ní tiwọn, àfi kí wọ́n tún orúkọ yín kọ.